Òṣèlú ti ya èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nípá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọ̀DẸ̀DẸ̀
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn fún bí oṣù méje, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́, torí gbogbo ẹni tí ǹ bá fi lọ̀ ló ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan nínú àwa méjèèjì.

Inú yàrá kan náà lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti dàgbà. Òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Nígbà ìdìbò tó kọjá, ó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kan, èmi wà lẹ́yìn èkejì, a sì ń fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀ lórí ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló gbé fídíò kan sórí gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa. Mo mọ̀ pé fídíò àtijọ́ ni, orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n sì ti yà á. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ lójú gbogbo ẹbí: "Irọ́ ńlá rèé. Ẹ má gbà á gbọ́ o." Ó fèsì. Mo fèsì. Nígbà tó máa fi di aago méjìlá òru, ó kọ ohun tí mi ò tíì gbàgbé títí di òní: "Ẹ̀yin wọ̀nyí lẹ fẹ́ ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Láti kékeré, "ìwọ" ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí. Kò fi "ẹ̀yin" pè mí rí, kì í sì í ṣe pé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún mi lóru ọjọ́ yẹn. Mo ti di èrò lójú ẹ̀. Èmi nìkan, mo ti di ọ̀pọ̀.

Láti ìgbà yẹn, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Màmá wa ń ṣàárẹ̀. Tí ẹnìkan nínú wa bá fẹ́ lọ wò ó, á kọ́kọ́ wádìí bóyá èkejì wà níbẹ̀. Ẹ má sọ pé kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé kí gan-an ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, mi ò rí i sọ.

KÒ-SÍ-WÀHÁLÀ
Ọ̀rẹ́, fi í sílẹ̀. Kúrò lórí gúrúùpù yẹn, má sì dá sí òṣèlú mọ́. Àwọn olóṣèlú tí ẹ̀ ń tìtorí wọn jà yìí, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n máa bá ara wọn lọ síbi ìnáwó. Nílé tiwa, a ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ òṣèlú. Ọdún mẹ́ta rèé, ilé tòrò.

ẸYẸ ÒWÌWÍ
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Olùkọ́ ni mí, ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n dá tèmi sí i, n ó gbìyànjú kó má gùn. (Irọ́ ni, ó máa gùn.)

Ohun tí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ nípa "ìwọ" tó di "ẹ̀yin" yẹn, ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. A máa ń rò pé èrò tó yàtọ̀ ló kọ́kọ́ ń yà wá, kí ìkórìíra tó tẹ̀ lé e. Ó lè jẹ́ ìkórìíra ló ṣáájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Henri Tajfel, Júù ọmọ Poland tí ìjọba Násì pa èyí tó pọ̀ jù nínú ìdílé rẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin iléèwé kan jọ ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi àwòrán tí ayàwòrán méjì yà hàn wọ́n, ti Klee àti ti Kandinsky, ó ní òun á fi èyí tí kálukú fẹ́ràn pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì. Irọ́ ló pa fún wọn, ńṣe ló kàn pín wọn bí ẹni ṣẹ́ kèké. Wọn ò mọ ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́. Síbẹ̀, nígbà tó ní kí wọ́n pín owó fáwọn tó kù, ẹgbẹ́ tiwọn ni wọ́n ń fi tì. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù nínú ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn gbà kí ẹgbẹ́ tiwọn gba owó tó dín sí èyí tó yẹ kó gbà, bí ti ẹgbẹ́ kejì bá ṣáà ti máa dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè kọ́ ni wọ́n ń wá. Kí wọ́n ṣáà ti ju tọ̀hún lọ ni.

Nítorí àwòrán tí wọn ò yà o! Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìjọba, owó orí àti iṣẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1960, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bóyá inú wọn á bà jẹ́ tí ọmọ wọn bá lọ fẹ́ ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kejì. Nínú 100 ará Republican, nǹkan bíi 5 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú 100 ará Democrat, nǹkan bíi 4. Nígbà tí wọ́n tún béèrè ní 2010, ó ti di 49 àti 33. Àwọn onímọ̀ bíi Shanto Iyengar sọ pé èrò ẹgbẹ́ méjèèjì lórí ètò ìjọba ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn tó bí ìkórìíra wọn ṣe ga tó. Àjọ More in Common tún ṣe ìwádìí ní 2019: wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fojú bu iye àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kejì tó ní èrò aláṣejù. Ẹgbẹ́ méjèèjì ní á tó nǹkan bíi 55 nínú 100. Iye tó jẹ́ gan-an sún mọ́ 30. Àwọn tó sì ń tẹ̀ lé ìròyìn lójoojúmọ́, àwọn gan-an ló ṣi iye yìí bù jù.

Torí náà, Ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó o tó ṣe ohunkóhun, mú bébà, kó o kọ gbogbo ohun tó o rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ gbà gbọ́ sílẹ̀. Má tíì fi hàn án. Tọ́jú ẹ̀.

ÌYÁ ONÍLÀJÀ
Ọmọ mi Ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ka tìẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó sáàárín àwọn tó ń jà: tọkọtaya, alájọgbélé, ìjọ tó pín sí méjì, àwọn tí wọ́n jọ ra ilẹ̀. Kí n sọ fún ọ, kì í ṣe fídíò ló wà nídìí ìjà yín.

O ní ẹ̀gbọ́n rẹ béèrè pé kí lò ń bẹ̀bẹ̀ fún, o ò rí i sọ. Èmi á bá ọ sọ ọ́. Ìwọ àbúrò lo kọ "irọ́ ńlá" níwájú àwọn òbí yín, níwájú ìyàwó rẹ̀, àti bóyá níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti ní fóònù. Irọ́ ni fídíò náà lóòótọ́, mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n o dójú tì í. Ẹni tí ojú bá tì kì í padà lọ yẹ fídíò wò, bó ṣe máa gba iyì rẹ̀ padà ló ń bá kiri. Nígbà tó wá rí i pé òun ò lè borí rẹ lórí fídíò, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí fídíò, ó gbé e lé orí irú ẹni tó o jẹ́. Mi ò tíì dá sí ìjà tó pẹ́ kí n má bá ìtìjú nísàlẹ̀ rẹ̀.

Má kọ nǹkan kan ránṣẹ́ sí i. Pè é, tàbí kó o lọ bá a. Ọ̀rọ̀ tí a kọ kò ní ohùn. Ohùn ìbínú tó wà nínú ẹni tó ń kà á ló máa fi kà á. Sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo tàbùkù yín níwájú ilé, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dárí jì mí." Kó o sì dákẹ́ níbẹ̀. Má fi "ṣùgbọ́n" kún un. Tó o bá ti ní "ṣùgbọ́n irọ́ ni fídíò yẹn", o ti gba ẹ̀bẹ̀ rẹ padà nìyẹn.

Bó bá di ọjọ́ mìíràn tí ọ̀rọ̀ òṣèlú wá yọjú, má bi í pé "kí ló dé tẹ́ ẹ fi gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́?" Irú ìbéèrè yẹn ń sọ èèyàn di lọ́yà ara rẹ̀ ni. Bi í pé, "Kí lẹ rí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká yín lára báyìí?" Ìtàn ló máa fi dá ọ lóhùn. Tó bá parí, sọ ohun tó sọ padà fún un, títí á fi ní "ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn". Bí kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, kò tíì kàn ọ́ láti sọ tìrẹ.

Ó ń nira o. Mo ní ọkùnrin kan níwájú mi nígbà kan, mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ padà. Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀meje. Ní gbogbo ìgbà, "ó ní n kì í fi nǹkan lọ òun, ṣùgbọ́n..." Mo dá a dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, "ṣùgbọ́n" ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó dákẹ́. Obìnrin yẹn bú sẹ́kún. Kò tíì rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ o, ó kàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà ni.

ẸYẸ ÒWÌWÍ
Ohun tí Màmá sọ yìí, àwọn olùwádìí méjì, David Broockman àti Joshua Kalla, dán irú rẹ̀ wò ní Miami, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Àwọn èèyàn kan lọ ń kan ilẹ̀kùn, wọn ò ṣàlàyé kankan lé onílé lórí. Wọ́n ní kó sọ ìgbà kan tí wọ́n fojú burúkú wo òun alára nítorí pé ó yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìkórìíra tí onílé ní sí àwọn tó yí irú ẹni tí wọ́n jẹ́ padà láti ọkùnrin sí obìnrin tàbí láti obìnrin sí ọkùnrin dín kù, ó sì ṣì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá!

ÒTÍTỌ́-KORÒ
Ẹ má bínú, gbogbo èyí dùn létí, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà. Ilé tó bá ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Ẹni tó jókòó lé ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lórí ló máa ń yára sọ pé kí àwọn èèyàn fara balẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀tọ́ rẹ dù ọ́, ṣé ìwọ ni wàá tún máa sọ ọ̀rọ̀ wọn padà fún wọn?

Ẹ wo Northern Ireland, apá àríwá Ireland tó wà lábẹ́ Britain. Ẹ̀sìn ni gbogbo ayé ń sọ pé wọ́n tìtorí rẹ̀ jà, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn tú síta ní 1968, ilé ìjọba tí wọ́n ń fi ojúsàájú pín ni wọ́n ń sọ, àti ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó lé ní 3,500 èèyàn tó kú kí wọ́n tó rí àdéhùn fọwọ́ sí lọ́jọ́ 10 oṣù kẹrin 1998. Ṣé torí pé wọ́n ti wá fẹ́ràn ara wọn ni? Rárá. Wọ́n pín agbára ni. Olórí ìjọba àti igbákejì rẹ̀ ní agbára ọgbọọgba, bí ọ̀kan bá kúrò, èkejì ò lè dá jókòó. Wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà sílẹ̀. Wọ́n gbà kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ọmọ Ireland, kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ọmọ Britain, kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ méjèèjì. Nínú 100 tó dìbò níbẹ̀, 71 ló gbà á. Títí di òní, ògiri ńlá ṣì wà láàárín àwọn àdúgbò kan ní Belfast, olú ìlú wọn.

Ohun tó parí ogun ni pé kálukú rí nǹkan gbà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ́pò ìyẹn.

ÌYÁ ONÍLÀJÀ
Òtítọ́-Korò, o ò korò tó bó o ṣe rò, mo gbà fún ọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jà. Bí ẹnìkan bá ń lu ẹnìkejì, èmi kì í là wọ́n níjà, ẹni tí wọ́n ń lù ni mo kọ́kọ́ máa ń mú kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ni mo fi ń dán ìjà wò. Bí wọ́n bá fún ọ ní gbogbo ohun tó ò ń béèrè lónìí, ṣé ìjà tán? Bó bá tán, ìjà ẹ̀tọ́ ni, lọ jà á, èmi alára á tẹ̀ lé ọ. Ṣùgbọ́n bó o bá rí i pé ọkàn rẹ ò ní balẹ̀ àfi bí tọ̀hún bá jìyà, ìjà náà ti gba ìdarí lọ́wọ́ rẹ. Wàá tún wo àyíká wàá rí àwọn tó ń jẹun nínú rẹ̀: ẹni tó ń fi fídíò wá orúkọ, ẹni tó ń tìtorí ẹ̀ gba ipò. Ìjà ò gbọdọ̀ tán, torí ọjà wọn ni.

Ohun mìíràn rèé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1994, ọkùnrin kan yìnbọn ní ilé ìwòsàn méjì tí wọ́n ti ń ṣẹ́yún nítòsí Boston, ní Amẹ́ríkà, obìnrin méjì kú. Lẹ́yìn náà, obìnrin mẹ́fà tó ń darí ẹgbẹ́ méjèèjì, mẹ́ta tó fara mọ́ oyún ṣíṣẹ́, mẹ́ta tó lòdì sí i, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé níkọ̀kọ̀. Ohun tí wọ́n máa pe ohun tó wà nínú oyún gan-an di wàhálà: àwọn tó lòdì sí i ń pè é ní ọmọ, àwọn tó fara mọ́ ọn ò gbà. Ó lé ní ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń pàdé kí wọ́n tó sọ ọ́ síta nínú ìwé ìròyìn ní oṣù kìíní 2001. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu: kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó yí èrò padà. Wọ́n tiẹ̀ ní ìgbàgbọ́ àwọn túbọ̀ jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ara wọn ní gbangba yí padà pátápátá, wọ́n sì di ẹni tó ń bá ara wọn dárò. Kò pọn dandan kí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìbò fún ẹnìkan náà.

BÁTÌRÌ TI KÚ
Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní: Ọ̀dẹ̀dẹ̀, má fi àpilẹ̀kọ tàbí fídíò "òtítọ́" kankan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwádìí kan wà tí Christopher Bail àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n sanwó fún àwọn èèyàn lórí Twitter kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kejì fún oṣù kan. A rò pé ojú wọn á là. Àwọn Republican tó kà á túbọ̀ le koko sí i ni. Ẹni tí ò sún mọ́ ọ tó ń pariwo èrò rẹ̀ sí ọ létí lójoojúmọ́, àfi kó o tì í dànù.

Èkejì: ní 2018 náà, àwọn olùwádìí kan sanwó fún àwọn èèyàn láti pa Facebook wọn tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìdìbò ní Amẹ́ríkà. Èrò wọn lórí ètò ìjọba ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra mọ́, inú wọn sì dùn díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọn nípa ìròyìn náà dín kù, torí náà kì í ṣe oògùn tí kò lẹ́yìn.

Tí o bá rí fídíò irọ́, bá ẹni náà sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ALÁKÒÓSO KÉKERÉ
Èmi ni mò ń darí gúrúùpù àwọn tá a jọ jáde iléèwé, a lé ní igba. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìkùnà mi fún yín. Mo kọ́kọ́ ṣe bíi ti Kò-sí-wàhálà, mo fòfin de òṣèlú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti dá gúrúùpù méjì mìíràn sílẹ̀, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ yìí, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ yẹn. Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ ara wọn lẹ́yìn. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo yí òfin padà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ohun tí ẹlòmíràn ṣe síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé kí ló wà nínú ẹ̀ àti ìdí tó fi gbà á gbọ́. Ẹ ò ní mọ̀ bí fídíò ṣe dín kù tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń gbé káàkiri yìí dópin. Òfin kejì ni pé ẹni tó bá fẹ́ ta ko ọmọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ pè é. Ìjà ṣì ń ṣẹlẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Èèyàn mọ́kànlá sì bínú kúrò, mi ò rí wọn mú padà.

Ọ̀NÀ JÍJÌN
Mo kàn ń kà á lọ ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí Pásítọ̀ James Wuye àti Ímáàmù Muhammad Ashafa ti Kaduna. Ìjà ẹ̀sìn ọdún 1992 gba ọwọ́ Wuye, ìjà náà ló sì pa olùkọ́ Ashafa àti ìbátan rẹ̀ méjì. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ashafa fi ń wá bó ṣe máa gbẹ̀san. Ní 1995 ni wọ́n pàdé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ìlàjà pọ̀. Ẹ wo iye ọdún. Ẹni tó ní kí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yanjú tiẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ń tan ara rẹ̀.

ÒTÍTỌ́-KORÒ
Ó dáa. Ó yé mi fún ẹbí. Ti orílẹ̀-èdè ńkọ́? A ò lè kan ilẹ̀kùn gbogbo ayé.

ẸYẸ ÒWÌWÍ
Ireland ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ, ti gúúsù lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ ti yà wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aṣòfin ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ní 2016, wọ́n kó ọmọ ìlú 99 jọ, alága kan wà lórí wọn, adájọ́ kan ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀. Kì í ṣe ìdìbò ni wọ́n fi yàn wọ́n, bí ẹni ṣẹ́ kèké ni, kí ọ̀dọ́ àti àgbà, akọ àti abo, ará oko àti ará ìlú ńlá lè wà níbẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi jókòó yí tábìlì ká, tí dókítà, agbẹjọ́rò àti àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn wá sọ tiwọn. Wọ́n dábàá pé kí òfin yí padà. Ọ̀pọ̀ olóṣèlú rò pé wọ́n ti ṣáájú ìlú jù. Nígbà tí gbogbo ìlú dìbò lóṣù karùn-ún 2018, ó lé ní 66 nínú 100 tó gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ kì í ṣe apá tó borí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ́ kèké mú kò ní olólùfẹ́ tó ń pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì ń wá ìbò. Ó lè sọ pé "mi ò mọ̀" láìsí pé ẹnikẹ́ni á fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìròyìn alẹ́. Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu olóṣèlú gbẹ̀yìn?

KÒ-SÍ-WÀHÁLÀ
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìjẹta. Ilé tó tòrò tí mo fi yangàn yẹn... Ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ dìbò láyé ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ará ìta ló sọ ẹni tó dìbò fún fún mi. Mo bi í léèrè lálẹ́ àná. Ó ní, "Dádì, ṣebí ẹ ní ká má sọ ọ́."

Mi ò ní ìmọ̀ràn mọ́ o.

Ọ̀DẸ̀DẸ̀
Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín pátá. Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo bá a dé.

Mo kọ bébà tí Ẹyẹ Òwìwí ní kí n kọ. Ohun mẹ́sàn-án ni mo kọ pé ẹ̀gbọ́n mi gbà gbọ́. Mo pè é lọ́jọ́ Sátidé, kò gbé e. Mo pè é lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé e, ó ní "hẹ̀n", ó dákẹ́. A sọ̀rọ̀ oògùn Màmá fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́ bí Ìyá wa ṣe ní kí n sọ ọ́, pé mo tàbùkù yín níwájú ilé. "Ṣùgbọ́n" ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì.

Kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ó ti pa fóònù. Ó wá ní, "Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé o máa ń yájú láti kékeré."

Ìwọ. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára mi.

Nígbà tó yá, lọ́jọ́ mìíràn tá a pàdé lọ́dọ̀ Màmá, mo bi í pé kí ló rí tọ́rọ̀ ìdìbò yẹn fi ká a lára. Ó sọ nípa iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe fi oṣù mẹ́rin máa múra láàárọ̀ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́ káwọn ọmọ má bàa mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá. Nínú ohun mẹ́sàn-án tí mo kọ sí bébà, méjì péré ló gbà pé òun gbà gbọ́. Ó bínú sí ọ̀kan, ó fi mẹ́ta rẹ́rìn-ín. Mi ò bi í nípa àwọn tó kù.

A ò tíì dọ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò yí ẹgbẹ́ padà, èmi náà ò yí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dárúkọ ìdìbò nígbà tá a ń dágbére, a jọ wo ilẹ̀ ni.

Lálẹ́ àná, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Èmi nìkan ló fi ránṣẹ́ sí, kò gbé e sórí gúrúùpù. Ó kọ sábẹ́ ẹ̀: "Irọ́ lèyí náà?"

Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ti wá ibi tí wọ́n ti yà á àti ọjọ́ tí wọ́n yà á. Òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ tèmi ló sì ba lára. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lù báyìí, mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa kọ ọ́ sí i.